Èéfín dísẹ́ẹ̀lì tó ń wọ inú píkọ́ọ̀pù: ihò méjì ni kí ẹ wá, kì í ṣe ẹyọ kan

Ìbéèrè: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Píkọ́ọ̀pù onídísẹ́ẹ̀lì ni mò ń wà, ó ti rin 260,000 kìlómítà. Láti bí oṣù méjì sẹ́yìn ni òórùn èéfín ti ń wọ inú rẹ̀. Tí mo bá ń sáré lójú ọ̀nà, n kì í gbọ́ nǹkan kan. Àfi tí mo bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ìgbà yẹn ni òórùn á kún inú ọkọ̀, tí ojú á sì máa ta mí. Ọmọ mi tó máa ń jókòó sẹ́yìn ní orí ń fọ́ òun. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní bí dísẹ́ẹ̀lì ṣe ń rùn nìyẹn. Èkejì pààrọ̀ fílítà AC, òórùn náà rọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó tún padà dé. Àwọn kan ní kí n fọkàn balẹ̀, pé èéfín dísẹ́ẹ̀lì kì í pa èèyàn bíi ti pẹtiróòlù. Ṣé kí n kàn máa ṣí fèrèsé ẹ̀yìn sílẹ̀ ni, àbí kí n ta ọkọ̀ náà?”

Ẹ ṣé tí ẹ kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni n ó kọ́kọ́ mú, torí òun ni kò ṣeé fi falẹ̀. Nígbà tí orí ọmọ bá ti ń fọ́ nínú ọkọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé èéfín ń wọ̀, ẹ má jẹ́ kó wọ ọkọ̀ náà mọ́ títí a ó fi rí ibi tó ti ń jò. Ọmọdé ń mí kíákíá ju àgbàlagbà lọ, nítorí náà tí ẹ bá jọ jókòó fún wákàtí kan, èéfín tó fà sára, bí a bá fi wé bí ara rẹ̀ ṣe kéré tó, ju tiyín lọ. Ẹni tó sì sọ fún yín pé bí dísẹ́ẹ̀lì ṣe ń rùn nìyẹn kò ràn yín lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ń pariwo, ó ń gbọ̀n, sáìlẹ́ńsà rẹ̀ sì ń rùn sí ẹni tó bá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí awakọ̀ jókòó sí, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó lé ní 20 ọdún tí mo ti ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì, n kò tíì rí èyí tó ń rùn sínú láìnídìí.

Èyí tí wọ́n ń sọ pé kì í pa èèyàn bíi ti pẹtiróòlù, òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, òótọ́ díẹ̀ yẹn gan-an ló sì ń ṣi èèyàn lọ́nà. Carbon monoxide ni gáàsì tí wọ́n ní lọ́kàn. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju bí ọ́síjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ń fà pọ̀ ju èyí tó nílò láti fi jó epo rẹ̀, ìdí nìyẹn tí carbon monoxide fi kéré nínú èéfín rẹ̀ sí ti pẹtiróòlù. Pé ó kéré kò wá sọ pé kò sí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, tí fílítà afẹ́fẹ́ bá ti dí, tàbí tí nọ́sùlù bá ti jẹ, tó ń da epo sílẹ̀ dípò kó máa fọ́n ọn, gáàsì yìí á pọ̀ sí i, inú ọkọ̀ tí a ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa kò sì tóbi. Yàtọ̀ sí èyí, òun kọ́ ló ń ta yín lójú. Formaldehyde àti acrolein ló ń ṣe ìyẹn, wọ́n ń jáde nínú epo tí kò jó tán. Nitrogen dioxide náà wà níbẹ̀, èyí tó ń ha ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró, tó sì máa ń ru ikọ́ fée sókè lára ẹni tó bá ní in. Lẹ́búlẹ́bú dúdú inú èéfín náà tún kúnná débi pé ó ń dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Ní 1988, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, ní ó jọ pé èéfín dísẹ́ẹ̀lì ń fa jẹjẹrẹ. Ní 2012 wọ́n gbé e lọ sí ìpele kìíní, láàárín àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fà á.

Ẹ má sì gbára lé imú yín. Tí òórùn kan bá ti wà níbì kan fún ìṣẹ́jú mélòó kan, imú á bá a mọ́ra, kò ní gbọ́ ọ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fi máa ń béèrè pé kí ló ń rùn báyìí, tí awakọ̀ tó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀ á sì ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Nípa ti fílítà tí wọ́n pààrọ̀, ìyẹn ló bà mí nínú jẹ́ jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Fílítà AC tó jẹ́ bébà lásán ń gba eruku àti lẹ́búlẹ́bú dúró. Èyí tó ní èédú nínú ń fa òórùn mọ́ra títí èédú náà á fi yó. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tó ń dá carbon monoxide dúró. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ tí òórùn fi rọlẹ̀ yẹn, ó ṣeé ṣe kí gáàsì náà máa wọlé bó ṣe ń wọlé tẹ́lẹ̀, kó jẹ́ pé ohun tó ń kìlọ̀ fún yín ni wọ́n kàn pa lẹ́nu mọ́. Lọ́fínńdà tí a ń gbé kọ́ inú ọkọ̀ kò yàtọ̀ sí i.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe rí nìyẹn, ohun tó sì ń mú kí iṣẹ́ yìí yí àwọn mẹkáníìkì lọ́wọ́ nìyẹn pẹ̀lú. Kí òórùn èéfín tó lè dé imú yín, ihò méjì gbọ́dọ̀ wà: èyí tí èéfín gbà kúrò lójú ọ̀nà tirẹ̀, àti èyí tó gbà wọ inú ọkọ̀. Ẹni tó bá rí ọ̀kan á rò pé òun ti ṣe tán. Ó lè dí ti inú ọkọ̀, kí òórùn lọ, síbẹ̀ kí èéfín gbígbóná máa fẹ́ lu wáyà àti hóòsì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì títí wọ́n á fi yọ́. Ó sì lè dí ti ẹ́ńjìnnì, kí ihò ti inú ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀ tó ń retí jíjò mìíràn, tàbí kó máa fa èéfín ọkọ̀ tó wà níwájú yín. Ihò ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ihò inú ọkọ̀ ló tẹ̀ lé e, ẹ má sì fo èkejì nítorí pé ẹ ti rí èkíní.

Ohun tó wúlò jù nínú ìwé yín ni ibi tí ẹ ti sọ ìgbà tó ń rùn. Ẹ ní tí ọkọ̀ bá ń sáré, kò rùn, tó bá dúró, ó ń rùn. Gbólóhùn kan yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ sáìlẹ́ńsà ẹ̀yìn kúrò nínú ẹ̀sùn. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ń gba iwájú wọlé, ó ń gbá ohun tó bá ń jò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì gba ìsàlẹ̀ ọkọ̀ jáde. Nígbà tó bá dúró, fáànù rédíétò ni afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo tó kù, ẹ̀yìn ló sì ń fẹ́ sí. Ó ń ti ooru àti èéfín lọ bá páànù tó pín ẹ́ńjìnnì níyà sí inú ọkọ̀, wọ́n á gòkè níbẹ̀, wọ́n á sì yọ létí bọ́nẹ́ẹ̀tì lápá gíláàsì iwájú. Ẹ lọ wo ẹsẹ̀ gíláàsì náà, níbi tí wáípà ti bẹ̀rẹ̀: ẹ ó rí àwọn ihò wẹ́wẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni AC yín ti ń fa afẹ́fẹ́ ìta. Tó bá jẹ́ pé orí òkè tàbí abẹ́ ẹrù wíwúwo ló ti ń rùn jù ni, n ó fura sí mánífóòdù (irin tó ń kó èéfín jọ bó ṣe ń jáde lára ẹ́ńjìnnì) àti tọ́bò (ẹ̀rọ tí èéfín ń yí kó lè ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì), torí ìgbà yẹn ni èéfín ń fi agbára tì jáde níbẹ̀. Tó bá jẹ́ àárọ̀ nìkan, tí ó sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mánífóòdù náà ni: irin tutù ń ya ẹnu díẹ̀, tó bá gbóná, á wú, á sì fi ara rẹ̀ dí ihò náà. Tó bá jẹ́ orí eré nìkan ni, tí fèrèsé wà ní ṣíṣí, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni n bá lọ wò.

Àmọ́ kí ẹ tó gbé ọkọ̀ lọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ ṣe àyẹ̀wò kan tí kò ná yín ní nǹkan kan. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, èéfín ọkọ̀ tó wà níwájú yín ń wọlé pẹ̀lú, ó sì lè jẹ́ òun ni ẹ ń gbọ́. Ẹ gbé píkọ́ọ̀pù náà lọ sí gbangba níbi tí ọkọ̀ mìíràn kò sí, kí ẹ kọ ojú rẹ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀, kí èéfín sáìlẹ́ńsà lè máa lọ sẹ́yìn. Ẹ ti fèrèsé, ẹ tan AC sí afẹ́fẹ́ ìta, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ẹ̀yin nìkan, kí ẹnì kan tó wà níta wá ṣí ilẹ̀kùn kó fi imú tirẹ̀ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnì tí wọ́n ya ọkọ̀ àti ọfà tó ń yípo sí, èyí tó ń ti afẹ́fẹ́ ìta. Tí òórùn bá dínkù kíákíá, ẹsẹ̀ gíláàsì ló ti ń wọlé. Tí kò bá dínkù, ihò mìíràn wà tó ń gbà wọlé.

Irú òórùn tó jẹ́ náà ń sọ̀rọ̀. Dísẹ́ẹ̀lì tútù, bí èyí tó dà sí èèyàn lọ́wọ́ níbi tí a ti ń ra epo, jẹ́ ti hóòsì tó ń dá epo padà lórí nọ́sùlù, ti fílítà epo, tàbí ti pọ́ǹpù. Ọ́ìlì tó ń jó jẹ́ ti ìdérí orí ẹ́ńjìnnì tó ń jò sórí mánífóòdù. Èyí tó dùn díẹ̀ nímú, tí gíláàsì sì ń ní ìkùukùu, omi rédíétò ló ń jò nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Tiyín, tó ń ta lójú, èéfín tó ti jó ni.

Ní ti ibi tó ti ń jò, àwọn mẹ́ta ni mo máa ń kọ́kọ́ wò lórí ọkọ̀ tó bá ti rìn jìnnà tó báyìí. Mánífóòdù ni àkọ́kọ́. Irin náà ń gbóná gan-an, ó ń tutù, ó ń gbóná, bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn bóòtù tó dì í mú ló sì ń jìyà rẹ̀. Èyí tó wà lápá ìparí méjèèjì ló máa ń kọ́kọ́ já. Ẹ ó gbọ́ tá-tá-tá bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń jí láàárọ̀, ẹ ó sì rí àwọ̀ dúdú lára gásíkẹ́ẹ̀tì níbi tó ti ń fẹ́ jáde. Páìpù EGR ni èkejì, èyí tó ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì. Ibi tó ká léra léra, tó ṣeé tẹ̀, lára páìpù náà máa ń sán, sísán náà sì lè tinrín bí irun, kí èèyàn wò ó títí kó má rí i. Mo fi ibi tí tọ́bò ti pàdé páìpù sáìlẹ́ńsà kún un. Kíláǹpù ibẹ̀ máa ń dẹ̀, àgàgà tí ẹnì kan bá ti yọ fílítà èéfín (èyí tó ń gba lẹ́búlẹ́bú dúdú dúró nínú sáìlẹ́ńsà) kúrò rí tí kò de kíláǹpù náà padà dáadáa.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í ronú kàn, òun ni mo sì ń bá pàdé jù nínú ọkọ̀ tí ìwé yín ṣàpèjúwe rẹ̀: wọ́ṣà bàbà abẹ́ nọ́sùlù. Nọ́sùlù kọ̀ọ̀kan jókòó sínú ihò tó lọ tààrà sí ibi tí epo ti ń jó. Wọ́ṣà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló ń dá iná yẹn dúró kó má gòkè wá. Tó bá ti jẹ, èéfín á máa fún jáde lára nọ́sùlù pẹ̀lú ohùn ṣùù-ṣùù-ṣùù tó ń yára bí ẹ bá ṣe ń tẹ iná, ohun dúdú kan á sì kó jọ yí nọ́sùlù ká, tó le bí ọ̀dà tó ti gbẹ. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tí nọ́sùlù wọn hàn síta, òórùn á lọ tààrà sí ẹsẹ̀ gíláàsì. Nínú àwọn tí nọ́sùlù wọn wà lábẹ́ ìdérí, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: èéfín á máa lọ sínú ọ́ìlì, á máa mú un ki, ìdọ̀tí dúdú rẹ̀ á sì lọ dí asẹ́ tó wà nísàlẹ̀ níbi tí pọ́ǹpù ọ́ìlì ti ń fà. Mo ti rí ẹ́ńjìnnì tó dákú báyìí, tí olówó rẹ̀ sì ti ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ déédéé. Wọ́ṣà náà fúnra rẹ̀ kékeré ni, iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ ló pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ha wọ́ṣà àtijọ́ kí wọ́n dá a padà, tuntun ni kí wọ́n fi sí gbogbo nọ́sùlù, kì í ṣe ẹyọ kan tó ń jò. Kí wọ́n nu ibi tó jókòó sí mọ́, kí wọ́n sì gé ojú rẹ̀ kó tẹ́jú tó bá ti jẹ, torí wọ́ṣà tuntun lórí ìdọ̀tí kì í pẹ́ kó tó tún jò. Kí wọ́n fi sípánà tó ń wọn agbára de bóòtù rẹ̀ sí ìwọ̀n tí ìwé ẹ́ńjìnnì náà sọ.

Bí a ṣe ń wá a kò le, sùúrù ló ń fẹ́. Òwúrọ̀ kí a tó tan ọkọ̀ rárá ló dára jù. Ẹ yọ ìdérí ike orí ẹ́ńjìnnì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ wá ibi tó dúdú bí ìdí ìkòkò níbi tí àyíká rẹ̀ kò dúdú. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tan ọkọ̀ nígbà tí ẹ ti tẹ́tí, torí ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ ló ń sọ òótọ́. Tí ojú kò bá rí i, tí etí kò sì gbọ́ ọ, mo máa ń fi ẹnu ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ìdí sáìlẹ́ńsà nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́ tó sì tutù, n ó wá fọ́n omi ọṣẹ sí gbogbo ìsopọ̀. Ibi tó bá ń hó ni. Ọkọ̀ tó ní fílítà èéfín kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yìí kọjá dáadáa, ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ tó ń fẹ́ èéfín funfun wúlò, tí ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ yín ṣe bá ní in. Ohun kan wà tí n kò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú: ẹ má fi ọwọ́ wá jíjò epo lára páìpù tó ń lọ sí nọ́sùlù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Nínú ẹ́ńjìnnì ìgbàlódé, agbára epo inú páìpù yẹn ń lé ní 1,600 bar. Ó ń gún awọ ara wọlé bí abẹ́rẹ́, ọgbẹ́ rẹ̀ lè kéré lójú kó sì gba ìka lọ́wọ́ èèyàn. Páálí ni kí ẹ fi wá a.

Ihò kejì wá kàn. Létí bọ́nẹ́ẹ̀tì lápá gíláàsì, rọ́bà gígùn kan yẹ kó wà níbẹ̀ tó ń dá èéfín abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì dúró kó má dé ẹsẹ̀ gíláàsì. Ìyàlẹ́nu ló jẹ́ bí mo ṣe máa ń rí ọkọ̀ tí rọ́bà yìí ti já dànù, tàbí tí wọ́n tún iwájú rẹ̀ kùn tí wọn kò sì dá a padà. Tí rọ́bà náà bá ti jábọ̀ lára tiyín, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé ẹ ti rí ìdajì ìdáhùn. Ẹ wo àwọn rọ́bà tí wáyà gbà kọjá lára páànù, pàápàá níbi tí ẹnì kan ti fa wáyà rédíò tàbí àlámù kọjá tó sì fi ihò sílẹ̀. Ẹ wo ìdí kílọ́ọ̀ṣì, ìdí ọ̀pá sìtíárì, rọ́bà abẹ́ jíà, àti ilẹ̀ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì níbi tí ìpẹtà lè ti jẹ ẹ́. Lóru, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ̀yin wà nínú ọkọ̀ nínú òkùnkùn: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá gbà wọlé, èéfín náà lè gba ibẹ̀. Ọ̀nà mìíràn tún ni kí ẹ ti gbogbo fèrèsé, kí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ AC dé òpin lórí afẹ́fẹ́ ìta láìtan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì fọ́n omi ọṣẹ sí etí ilẹ̀kùn àti ẹ̀yìn ọkọ̀ láti ìta.

Ẹ̀yìn yẹn ni mo fẹ́ tẹnu mọ́, torí ó ti gbà mí lákòókò rí. Píkọ́ọ̀pù kan wà tí mo pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì mánífóòdù rẹ̀, òórùn dínkù, ó tún padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ṣí i lẹ́ẹ̀kejì, mánífóòdù kò jò. Ìgbà tí mo yọ àga ẹ̀yìn ni mo rí i. Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ní ìlẹ̀kùn rọ́bà kéékèèké lára ògiri ẹ̀yìn, lẹ́yìn àga, tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú jáde tí a bá ti ilẹ̀kùn. Ìta nìkan ló yẹ kó máa ṣí sí. Tirẹ̀ ti ká sókè, ó sì dúró ní ṣíṣí, bẹ́ẹ̀ sáìlẹ́ńsà rẹ̀ ti já lábẹ́ ibi tí a ń kó ẹrù sí, tó ń tú èéfín sẹ́yìn ògiri náà gan-an. Jíjò méjì ló wà lára ọkọ̀ yẹn, mo sì dúró nígbà tí mo rí ọ̀kan. Ọmọ yín lẹ́yìn ló ń jókòó, nítorí náà ẹ yọ àga yẹn kí ẹ wò ó, kódà tí ẹ bá rí jíjò níwájú.

Fèrèsé ẹ̀yìn tí ẹ béèrè ńkọ́? Ẹ má ṣí i. Bí ọkọ̀ bá ń lọ, afẹ́fẹ́ tó ya ara rẹ̀ kúrò lórí òrùlé ń fi àlàfo kan sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àlàfo náà sì ń fa ohun tó bá wà nísàlẹ̀ sókè wá sí ibi fèrèsé yẹn, èéfín sáìlẹ́ńsà pẹ̀lú. Tí ìbòrí bá wà lórí ibi ẹrù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ẹ̀yìn sì wà ní ṣíṣí, ó tún burú sí i. Tó bá di dandan kí ẹ wa ọkọ̀ náà dé ibi tí wọ́n á ti tún un ṣe, ẹ dá nìkan lọ, ẹ ṣí fèrèsé iwájú méjèèjì dáadáa, ẹ ti ti ẹ̀yìn. Tí ẹ bá ń lọ lórí eré, ẹ jẹ́ kí AC máa fẹ́ afẹ́fẹ́ ìta wọlé kó máa ti tinú jáde. Tí ẹ bá dúró, ẹ tẹ bọ́tìnì ọfà yípo yẹn. Ẹ má fi bọ́tìnì náà rìn jìnnà pẹ̀lú fèrèsé pípadé, torí èémí ẹ̀yin fúnra yín á kún inú ọkọ̀, oorun á sì máa kùn yín. Kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sùn nínú ọkọ̀ náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mo fẹ́ kí ẹ ra ẹ̀rọ tó ń wọn carbon monoxide, èyí tó ń fi nọ́ńbà hàn láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ilé tó ń ké nìkan kò tó fún iṣẹ́ yìí: ìlànà EN 50291 tí wọ́n ń tẹ̀ lé nílẹ̀ Yúróòpù fún un ní 60 sí 90 ìṣẹ́jú kó tó ké tí gáàsì náà bá wà ní 50 ppm, ìyẹn ìpín 50 nínú mílíọ̀nù kan ìpín afẹ́fẹ́. Ìrìn àjò yín lè ti parí kó tó ké. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí èèyàn má wà nínú èyí tó ju mílígíráàmù 10 lọ nínú mítà onígun kan fún wákàtí 8, ìyẹn bíi 9 ppm. Nínú ọkọ̀ ara mi, n kò ní gbà kí nọ́ńbà kankan dúró síbẹ̀ yàtọ̀ sí òdo. Ẹ tan ẹ̀rọ náà níta gbangba kó kọ́kọ́ fi òdo hàn, kí ẹ tó gbé e wọlé, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí orí ọmọ ń dé lẹ́yìn. Àmọ́ tó bá fi òdo hàn tí ojú sì ń ta yín, ojú yín ni kí ẹ gbà gbọ́. Kò wọn lẹ́búlẹ́bú, kò sì wọn àwọn gáàsì yòókù.

Ní ti títa, n kò ní sọ pé kí ẹ tà á kí ẹ tó mọ ohun tó ń ṣe é. Tó bá jẹ́ wọ́ṣà, gásíkẹ́ẹ̀tì, kíláǹpù tàbí rọ́bà bọ́nẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ tó ń parí ni, ọkọ̀ náà á sì padà sípò. Bóòtù mánífóòdù tó já sínú irin lè gba ọjọ́ kan gbáko láti yọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kánjú gbẹ́ ẹ. Ohun tó lè mú kí n sọ̀rọ̀ títà ni kí ẹ́ńjìnnì náà máa mí, ìyẹn kí èéfín máa gba ẹ̀gbẹ́ písítìn lọ sí ibi tí ọ́ìlì wà. Ẹ ṣí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí nígbà tó bá ti gbóná tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, kí ẹ gbé ìdérí rẹ̀ lé e láìdè é. Èéfín tó kéré níbẹ̀ kò burú. Tí ìdérí bá ń fò, tí èéfín sì ń tì jáde, ó ṣeé ṣe kí ríìǹgì písítìn inú rẹ̀ ti jẹ, kí wọ́n bá yín wọn agbára ìfúnpọ̀ inú sílíńdà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó pinnu. Àwọn kan á fi hóòsì darí èémí yẹn lọ sísàlẹ̀ ọkọ̀. Òórùn á lọ fúngbà díẹ̀, jíjẹ náà kò ní dúró. Ẹ má gba òògùn lílẹ̀ tí wọ́n ń fi dí mánífóòdù, ooru ibẹ̀ máa ń tú u. Tí ẹ bá sì tà á láìtún un ṣe, ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á, torí ọmọ tirẹ̀ náà á jókòó sẹ́yìn.

Láti inú ìwé nìkan, wọ́ṣà nọ́sùlù tàbí mánífóòdù ni mo fi ọkàn sí, pẹ̀lú rọ́bà bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ti lọ. N kò fi etí mi gbọ́ ẹ́ńjìnnì náà, nítorí náà ẹni tó bá wà níwájú rẹ̀ tó sì rí ohun mìíràn, ẹ gbà á gbọ́ jù mí lọ, tó bá lè fi àmì dúdú náà hàn yín.

Ọmọ yín ńkọ́? Tí orí fífọ́ bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí kò wọ ọkọ̀ náà mọ́, ìyẹn pàápàá ti sọ nǹkan fún yín. Ṣùgbọ́n tí òòyì bá kọ́ ọ, tí èébì ń gbé e, tàbí tó ń tòògbé ju bó ṣe yẹ lọ lẹ́yìn tó jáde nínú rẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì pe carbon monoxide lórúkọ fún dókítà. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka máa ń ka gáàsì yìí mọ́ ọ́síjìn, ó lè fi 98 hàn lára ẹni tó ti fa èéfín púpọ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi í hàn. Ìdajì rẹ̀ sì ń kúrò lára láàárín nǹkan bíi wákàtí 4 sí 6 tí èèyàn bá ń mí afẹ́fẹ́ lásán, nítorí náà ẹ kọ aago tó jáde nínú ọkọ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi han ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.